Àwòrán Àyà Méjì

Àyà méjì ló wà lórí tábìlì Abẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló sì wà lára méjèèjì.

Àwòrán ẹ̀síréè ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn tí ọ́fíìsì físà fọwọ́ sí ló yà á: àbàwọ́n funfun kan wà lókè ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún, ó gùn, ó sì ki. Èyí ìkejì, ilé ìwòsàn ìjọba ló yà á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá péré: àyà náà mọ́ tónítóní, bí ẹni pé àìsàn ò tíì délé ayé. Dókítà ọ́fíìsì físà fi lẹ́tà kan há wọn láàárín. Ó ní ikọ́ ife kì í fi ọjọ́ mẹ́wàá san. Ó ní èèyàn méjì ló lọ ya àwòrán lórúkọ ẹnìkan, jìbìtì sì ni. Bí ọlọ́pàá ò bá rí àlàyé gidi ṣe títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pa fáìlì náà dé, ọmọbìnrin tó ni ín ò sì ní lè béèrè físà lọ́wọ́ wọn mọ́ fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Abẹ́rẹ́ ni ìnagijẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó sì máa ń gún èèyàn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn oníwèé ayédèrú tó ti gbìyànjú àtigbé e mì ṣì wà lẹ́wọ̀n títí dòní, wọ́n ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n bí fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ bá dé iwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fò lọ síbòmíràn ná. Ọdún mẹ́jọ rèé tí ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti gba físà lọ kàwé. Ọdún méjì ló ní òun máa lò. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè é. Ìyá á ní ṣé ó ti jẹun, ọmọ á ní òun ti jẹun, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ sétí ara wọn. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ṣì máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ìparí oṣù, bí ẹni pé ẹnìkan ti sùn lórí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá," Sájẹ́ǹtì ní. Ọkùnrin gìrìwò ni, ó fẹ́ràn kí ọ̀ràn tètè parí. "Mo ti yẹ ìwé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ wò. Télọ̀ kan ni orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ti ọmọ yìí. Àwọn ará àdúgbò ní ó máa ń wúkọ́ ṣáá. Ẹ sì wò ó, wọ́n ti fún òun ní físà! Ó ti fi àyà tirẹ̀ tó bàjẹ́ pààrọ̀ ti ọmọ ọlọ́mọ."

"Ṣé o ti gbọ́ ikọ́ náà?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, Ọ̀gá, ọjọ́ kan ṣoṣo..."

"Ogún ọdún kẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún wa. Gbé àwòrán yẹn, ká lọ gbọ́ ikọ́."

*

Ìdajì ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti ṣófo. Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ó ti di èkejì sínú páálí, ó sì jókòó sórí páálí náà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ dé bá. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóòótọ́. Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni, mà. Èérún aṣọ ni. Bí mo bá fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi, ó ń lọ. Wọ́n yẹ itọ́ mi wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tún un ṣe. Ìyàwó mi ti wà lọ́hùn-ún láti ọdún márùn-ún. Ó lóyún nígbà tó ń lọ. Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé báyìí, inú fóònù ló ti mọ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi ìyá rẹ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀, torí pé orí àti ọrùn mi nìkan ló máa ń rí."

Abẹ́rẹ́ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ òun lára, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ó mú àwòrán méjèèjì jáde, ó gbé wọn sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá.

"Èwo ni tiyín níbẹ̀?"

Télọ̀ sún mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ wò wọ́n bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n bí oníṣẹ́. Ó yọ téèpù ọrùn rẹ̀, ó nà án sí àwòrán kìíní, ó nà án sí ìkejì.

"Kò sí tèmi níbẹ̀. Ta ló ni èjìká yìí? Ẹ wo eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká lápá òsì, ó ti kán rí, ó sì san ní wíwọ́. Ẹni yìí, bí mo bá rán aṣọ fún un bí mo ṣe ń rán fún gbogbo èèyàn, apá òsì á máa yọ̀ sílẹ̀ ni. Mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i lábẹ́."

"Èwo nínú méjèèjì lẹ ń sọ?"

"Méjèèjì ni, mà. Ibi kan náà ló ti kán. Ẹnìkan ló ni wọ́n. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Sájẹ́ǹtì ya ẹnu, kò sì rántí pa á dé títí wọ́n fi jáde.

"A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá," Abẹ́rẹ́ sọ fún un lójú ọ̀nà. "Kò sẹ́ni tó ya àwòrán dípò ẹnì kankan. Àbàwọ́n yẹn ló yẹ ká bi léèrè: ibo ló ti wá, ibo ló sì gbà lọ?"

*

Onídìrí ni ìyá ọmọbìnrin tó ni fáìlì náà. Iwájú ilé ló sọ di ṣọ́ọ̀bù: dígí gígùn kan, àga mẹ́ta, wúùlù dúdú tó rọ̀ sára ògiri, àti òwú rọ́bà nínú agolo mílíìkì. Ìdí dígí náà ni ọmọbìnrin wà, ó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, ó ń to kílíìpù. Abẹ́rẹ́ kí wọn, ó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ kan eegun èjìká rẹ̀ apá òsì.

"Mo jábọ́ láti orí ògiri nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mà," ọmọ náà ní. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Télọ̀ ló sọ fún mi. Kí lo fẹ́ lọ kà lọ́hùn-ún?"

Ojú ọmọ náà là. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá, mà, fún àwọn tí wọ́n ti gé tiwọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló ní àwọn á san gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè kí wọ́n tó mú mi. Bí mi ò bá wọlé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fún ẹlòmíràn." Ó nawọ́ sí bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri, àwòrán ojú ọ̀nà ni, gbogbo etí rẹ̀ ti ká. "Mo mọ ọ̀nà láti ibùdókọ̀ dé kíláàsì wa, mà. Mo mọ ibi tí mo ti máa yà. Mi ò tíì débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo máa ń rìn ín lójoojúmọ́ kí n tó sùn."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí dígí, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ dígí náà ò dọ̀tí.

Abẹ́rẹ́ mú fọ́tò pélébé kan jáde nínú fáìlì. Ọ́fíìsì físà ló yà á nígbà tí wọ́n ń tẹ ìka ọmọ náà, ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ya àyà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀, irun orí rẹ̀ nípọn, ó gùn kọjá èjìká, sikáàfù ló dè é sẹ́yìn. Ó wá wo orí tó wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ọmọ onídìrí, irun rẹ̀ wà ní títú, rọ́bà kan ló kó o jọ.

"Ta ló di èyí fún ọ?"

"Màmá mi ni, mà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dì í. Wúùlù ni wọ́n fi sí i, wọ́n wá fi òwú rọ́bà wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa bá mi dì í lọ́hùn-ún."

"Ìgbà wo lo tú u?"

"Ọjọ́ kẹta tí èsì àkọ́kọ́ jáde. Màmá ní ó ń fà mí lórí jù."

"Ṣé ó ń fà ọ́ lóòótọ́?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. "Díẹ̀, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Orí rẹ̀ ni kò gba irun líle," ìyá dáhùn kíá, ẹni tí kò bi í ní nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

*

Ẹlẹ́síréè, ìyẹn ọkùnrin tó ń ya àwòrán àyà ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni.

"Mà, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan o."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Ẹ wo àbàwọ́n yìí." Abẹ́rẹ́ fi ìdí bírò tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó gòkè. Ó kọjá lórí eegun. Ó jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró pátápátá, ó ń gun ọrùn lọ. Àìsàn àyà wo ló ń gun ọrùn bí aláǹgbá?"

Ẹlẹ́síréè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé e lé e. Nínú funfun náà, àwọn ìlà kéékèèké wà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìgbà tí wọ́n lọ́ okùn.

"Yéè," ó ní.

"Òwú rọ́bà ni. Ẹ̀yìn ọrùn ló rọ̀ sí nígbà tí ẹ ń yà á. Ṣé ẹ kì í ní kí àwọn obìnrin kó irun wọn sókè ni?"

"Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ fún òun náà. Mo ní irun yìí ki jù, kó tú u, kó padà wá lọ́la. Obìnrin tó tẹ̀ lé e wá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi dì í, ó ní ṣé orí tèmi ni wọ́n máa fi san án. Ó fi sikáàfù dè é mọ́lẹ̀, ó ní ó ti tó. Ogójì èèyàn ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, mà. Mo gbà fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Bí dókítà bá gbọ́ pé mo gbà fún un, ọjọ́ iṣẹ́ mi parí nìyẹn."

Níta, Sájẹ́ǹtì ń yọ̀. "Ọ̀gá, ó ti parí! Ká kọ lẹ́tà sí wọn."

"Kí la máa sọ? Pé irun ni? Irun náà dà? Ó ti wà nínú ààtàn. Dókítà á ní ìtàn ni a ń pa." Abẹ́rẹ́ kó àwọn àwòrán padà sínú fáìlì. "Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè fi hàn wọ́n."

*

Abẹ́rẹ́ nìkan ló padà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọmọ náà ti jáde lọ ra nǹkan. Ìyá náà jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń ká òwú mọ́ ìka.

"Ẹ̀yin lẹ dì í," Abẹ́rẹ́ ní. "Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n tú u. Ẹ̀yin náà lẹ sì wá tú u fúnra yín, irun tí ẹ fi ọjọ́ méjì dì, tó yẹ kó lo oṣù kan ààbọ̀ lórí. Onídìrí kì í tú iṣẹ́ tuntun lásán. Ẹ ti mọ̀."

Obìnrin náà ò jiyàn. Omi ti wà lójú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

"Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ, mà, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ tó bá débẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n ní àìsàn wà láyà rẹ̀, mo gbé àwòrán náà sókè, mo wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wé òwú. Kò síbi tí mo ti máa rí iṣẹ́ mi tí mi ò ní dá a mọ̀."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Ọmọ ń sunkún ní yàrá, èmi wà ní ìdáná, mo ń kọrin sínú. Wọn ò ní jẹ́ kó lọ, kì í sì í ṣe èmi ni mo ní kó má lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni inú mi fi dùn, mà. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ò fẹ́ kó ikọ́ ràn mí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jókòó sí tó ń jẹun. Ìgbà yẹn ni mo tú u. Mo ní ká lọ yà á níbòmíràn. Mo rò pé bí wọ́n bá rí èyí tó mọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á pè é ní oníjìbìtì."

Abẹ́rẹ́ fa àga kan, ó jókòó tì í.

"Nígbà tí à ń retí ìwé ọmọ tèmi, mo gbàdúrà pé kó sọnù lọ́nà."

"Ṣé ó sọnù?"

"Rárá."

Ojú àwọn méjèèjì pàdé nínú dígí gígùn yẹn.

"Ẹ gbọ́ mi," Abẹ́rẹ́ wá ní. "Dókítà físà ti gbà láti wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n á yà á pẹ̀lú irun, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un yà. Ẹ gbọ́dọ̀ dì í bó ṣe wà lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá dì í tó fúyẹ́, àbàwọ́n ò ní hàn, ọmọ yín ò sì ní lọ síbì kankan. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Èmi gan-an ò ní mọ̀, mi ò mọ irun ún dì."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ìyẹn fún mi?"

"Kí ẹ má baà rò pé ọlọ́pàá ló rán ọmọ yín lọ."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, irun náà ti wà lórí ọmọ. Ojú onídìrí ti wú, ìka rẹ̀ ti bó. Dókítà físà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fi áńkáṣíìfù nu imú, sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ò ní àkókò fún eré. Wọ́n mú ọmọ náà wọlé. Sikáàfù kan náà ni ìyá fi dè é, ibi kan náà ló sọ kókó rẹ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ ń wo ojú ìyá náà, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò mọ èsì ọ̀ràn tó ti yanjú. Ó sì yà á lẹ́nu pé kò dá òun lójú èwo gan-an lòun ń fẹ́.

Àwòrán jáde. Dókítà gbé e sójú iná, ó gbé ti tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbàwọ́n funfun náà wà níbẹ̀, ó gùn, ó ki, ó ń gun ọrùn lọ.

"Ẹ tú u," dókítà ní. Áńkáṣíìfù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Títú náà gba wákàtí méjì. Ìyá ò jẹ́ kí ẹnì kankan ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún un yà, àyà náà mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà jókòó, ó kọ̀wé, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ó ní físà á jáde ní ọjọ́ Ajé, kí ọmọ náà lọ palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

"Ìbéèrè kan ló kù. Ta ni kò jẹ́ kí wọ́n tú irun yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí ò béèrè ni, ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré."

Ẹlẹ́síréè wo ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo fèrèsé. Ó ti pinnu pé òun ò ní sọ ọ́.

"Èmi ni," onídìrí ní. "Ó ní ká tú u, mi ò gbà. Ẹ má fi kàn án." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìgbà tí èsì sì jáde, mo mọ̀ pé irun ni. Mo mọ̀, ìwọ ń sunkún, mo dákẹ́. Inú mi dùn pé o ò ní lọ."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ títí. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá tẹ̀ lé e jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìyá àti ọmọ kò sí nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò lè lọ. Ní ọjọ́ tí ọmọkùnrin tirẹ̀ ń lọ, ọ̀ràn kan ló ń tọ pinpin. Dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì ló rán pé kó gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, síwájú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó sì na òòyà sí i lórí èjìká.

"Ẹ tún un dì."

Ìyá gba òòyà náà.

"Ẹ dì í wẹ́wẹ́, Màmá, kó lè pẹ́ lórí mi."

"Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́," ìyá ní, ó ti ń ya irun náà sí méjì, "á gbà wá tó ọjọ́ mẹ́ta o."

"Mẹ́rin la ní."